Ilẹ̀ ẹbí ní erékùṣù St. Helena: kí ni àwọn Gullah ń pè ní "heirs' property"?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Savannah ni mo ń gbé. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ erékùṣù St. Helena ní South Carolina, sọ fún mi pé orí 'heirs' property' ni ilé ìyá òun wà, pé gbogbo ẹbí ló ni ilẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò sì lè tà á. Ó mú mi débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ilé onípákó àtijọ́ kan ló wà láàrin, wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Àwọn ilé mìíràn àti ilé onítáyà yí i ká bí agboolé. Ṣé ilẹ̀ ẹbí tiwa náà nìyí? Ṣé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀?"

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tí ẹ rí jọ agboolé lóòótọ́, ó sì jọ ilẹ̀ ẹbí. Àmọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ, pé ẹnikẹ́ni ò lè tà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ ẹbí lè mú kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa, ibẹ̀ náà sì ni ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà.

Káúńtì Beaufort ni St. Helena wà, létí òkun, láàrin Charleston àti Savannah. Gullah ni wọ́n ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú etí òkun yìí, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n sì ní èdè tiwọn. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀, oko òwú ni erékùṣù náà, ẹrú ló sì ń ro ó. Tí ìgbà ooru bá dé, ibà kì í jẹ́ kí àwọn olóko dúró, wọ́n á kó lọ sí ìlú. Àwọn ẹrú ló máa ń kù sórí ilẹ̀, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí èdè Gullah ráyè fìdí múlẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1861, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ ya wọ Port Royal, wọ́n fi àgbá fọ́ odi méjèèjì tó wà lẹ́nu omi. Àwọn olóko fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi òwú sílẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan bí 10,000 ẹrú sílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ṣe òfin pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbi tí ọ̀tẹ̀ wà, ìyẹn ìhà gúúsù tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà, tí kò san owó orí lé e, ìjọba yóò gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ta ni yóò padà wá san án nínú àwọn tó ti sá? Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1863, wọ́n ń lu àwọn oko náà ní gbàǹjo. Àwọn olówó ìhà àríwá ló ra èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣe ẹrú lórí ilẹ̀ kan náà dá owó jọ, wọ́n ra tiwọn. Nínú ìlú Beaufort gan-an, Robert Smalls, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú níbẹ̀ ní 1839, tó sì gba ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀ lọ́wọ́ ní 1862, ra ilé ọ̀gá tó ni òun àti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé náà ṣì dúró ní Prince Street di òní. Ní 1866, òfin mìíràn jẹ́ kí àwọn tó ti gba òmìnira ra tó 20 éékà, dọ́là kan àti ààbọ̀ fún éékà kan.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa "40 éékà" tí Ọ̀gágun Sherman ti ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1865 pé kí wọ́n pín fún àwọn tó gba òmìnira, tí Ààrẹ Andrew Johnson gbà padà kí ọdún náà tó parí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba ti Sherman ni wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ pẹ̀lú irúgbìn wọn. Àwọn ará St. Helena tó rà láti gbàǹjo owó orí kò sí lára wọn, nítorí ìjọba ló tà á fún wọn, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Èyí ló fà á tí erékùṣù náà fi kún fún aláwọ̀ dúdú tó ni ilẹ̀ tirẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní àwọn káúńtì mìíràn ń roko àjọpín fún ọ̀gá àná.

Ilé tí wọ́n kọ́ kò tóbi: yàrá méjì, ògiri pákó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, gbogbo rẹ̀ lórí òpó kúkúrú kí omi àti ikán má bàa tètè dé ibẹ̀. Fèrèsé kò ní gíláàsì, pákó ni wọ́n fi ń tì í. Wọ́n á lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri inú ilé kí atẹ́gùn òtútù má wọlé. Lára àwọn ilé ọ̀gá, àti nídìí ààrò ilé ẹrú míì, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń pè ní tabby: wọ́n á sun ìkarahun ẹran inú òkun títí yóò fi di ẹfun, wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn, omi àti ìkarahun tí wọn ò sun, wọ́n á rọ ọ́ sáàrin pákó títí yóò fi gan. Àwọ̀ aró tí ẹ rí lára ilẹ̀kùn, àwọn àgbà Gullah sọ pé kì í jẹ́ kí iwin wọlé. Òótọ́ ni pé wọ́n gbin ẹ̀lú púpọ̀ ní ẹkùn náà kí òwú tó gbòde, àmọ́ ọ̀dà ìsọ̀ ni ti òde òní. Ìjì ńlá tó jà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1893 pa nǹkan bí 2,000 ènìyàn ní àwọn erékùṣù yẹn, ó sì kó ilé lọ. Clara Barton àti ẹgbẹ́ aláàánú Red Cross tó dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló wá bá wọn tún ayé ṣe. Mélòó nínú ilé àkọ́kọ́ ló lè la ìyẹn já?

Agboolé tí ẹ rí, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bàbá ra éékà mẹ́wàá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́yàwó, bàbá nawọ́ sí ìdí igi kan, ó ní kó kọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Wọn ò pe sàfíyọ̀, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sílé àbúrò gba ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n kọjá, kò sì sẹ́ni tó bínú. Bàbá kú láìṣe wíìlì. Wíìlì ń fẹ́ lọ́yà, lọ́yà ń fẹ́ owó, kóòtù sì wà lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ rárá. Ta ni yóò lọ gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ síwájú wọn? Àwọn àgbà míì tilẹ̀ gbà pé bí wọn ò bá kọ ọ́ sí orúkọ ẹnì kankan, kò sẹ́ni tí yóò lè tà á. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ fún yín nìyẹn, èrò àtijọ́ ni.

Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá kú láìṣe wíìlì, àwọn ọmọ rẹ̀ di alájọní. Kò sẹ́ni tó ni igun kan pàtó. Ìpín nínú gbogbo rẹ̀ ni kálukú ní, títí kan abẹ́ ilé tí ẹlòmíràn kọ́. Ọmọ márùn-ún, tí kálukú bí márùn-ún, tí àwọn yẹn náà bí márùn-ún: àwọn alájọní ti di 125, ọ̀pọ̀ wọn wà ní New York àti Philadelphia, àwọn míì ò tẹ ilẹ̀ náà rí. Èyíkéyìí nínú wọn lè ta ìpín tirẹ̀ fún àjèjì láìbi ẹnikẹ́ni. Àjèjì náà yóò wá lọ sí kóòtù pé òun fẹ́ kí wọ́n pín in. Ilẹ̀ éékà mẹ́wàá ò ṣeé pín sí 125, nítorí náà, kí òfin tuntun tó dé ní 2017, adájọ́ máa ń ní kí wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Àwọn ará ilé ò lówó tí wọ́n lè fi bá iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé díje. Lẹ́yìn tí afárá dé Hilton Head ní 1956, nínú káúńtì kan náà, tí pápá gọ́ọ̀fù àti ilé ìgbafẹ́ wọ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé Gullah pàdánù ilẹ̀ wọn báyìí. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu pé "plantation" ni wọ́n sọ àwọn ibùgbé olówó ọ̀hún.

Ẹ wá fi tiwa wé e. Nínú àṣà Yorùbá, ẹbí ló ni ilẹ̀, olórí ẹbí ló ń bójú tó o. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á, títà náà ò ní ìdí. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgbọ́ tẹnu àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gbà á padà ní kóòtù. (Pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣì ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta, ìyẹn ò yí òfin padà.) A lè pín in ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, adájọ́ náà sì lè pàṣẹ kí a pín in bí ìjà bá le. Àmọ́ ẹbí gẹ́gẹ́ bí ẹbí ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ní South Carolina, òfin ò mọ ẹbí kankan. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló mọ̀, pẹ̀lú ìdá tirẹ̀. Àwọn Gullah ń gbé bí ẹbí lábẹ́ òfin tó kà wọ́n sí 125 àjèjì.

Àwọn ilé onítáyà tí ẹ rí, ohun kan náà ló fà á. Báńkì kì í yáni lówó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ ò sí lórúkọ ẹni. Ilé onítáyà, ẹ lè rà á bí ẹ ṣe ń ra mọ́tò, kẹ́ ẹ wọ́ ọ wá. Bí ìjì bá jà, ìwé yìí kan náà ni ìjọba máa ń bi ẹni tó fẹ́ gba ìrànwọ́. 2021 ni FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ lẹ́yìn àjálù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba oríṣi ẹ̀rí mìíràn.

Ṣé àwa la gbé e débẹ̀? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Angola àti Kóńgò, Senegambia àti agbègbè Sierra Leone ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá sí South Carolina ti wá. Brazil àti Cuba ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa já sí. Lóòótọ́, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1949, rí orúkọ Yorùbá láàrin àwọn Gullah, nítorí náà a kò ṣàìsí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jàmáíkà: lẹ́yìn òmìnira 1838, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ náà sọ ilẹ̀ tí wọ́n rà di ilẹ̀ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ìran mìíràn ló pọ̀ níbẹ̀. Èrò pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan kì í ṣe ti Yorùbá nìkan ní ilẹ̀ adúláwọ̀, ẹni tí wọ́n ti tà rí náà kì í fẹ́ kí a ta ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ Yorùbá gan-an lẹ fẹ́ rí, ẹ wakọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ Sheldon nínú káúńtì Beaufort kan náà. Ibẹ̀ ni Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, ọmọ Detroit, dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní 1970, pẹ̀lú ojúbọ àti ààfin. Àmọ́ tuntun ni ìyẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a sílẹ̀ ni; kò bá ilẹ̀ àwọn Gullah tan.

Nǹkan ti dẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀rẹ́ yín. Láti ọdún 2017, òfin tuntun ní South Carolina sọ pé bí alájọní kan bá béèrè fún títà, kí wọ́n kọ́kọ́ fojú iye owó wo ilẹ̀ náà, kí àwọn yòókù sì ní àǹfààní láti ra ìpín ẹni náà; bó bá sì di dandan kí wọ́n tà, kí ó jẹ́ lọ́jà gbangba dípò gbàǹjo. Ní St. Helena, káúńtì ti ka pápá gọ́ọ̀fù àti ibùgbé onígéètì léèwọ̀ láti 1999. Owó orí ilẹ̀ ṣì ni ewu tó tóbi: bí ẹbí bá gbàgbé rẹ̀, káúńtì á tà á, ọdún kan péré ni wọ́n sì ní láti rà á padà. Ẹ ní kí ó wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì owó orí náà nílé ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ baba àgbà tó ti kú, kí ó kọ orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, láàyè àti lókùú, kó tó lọ rí Center for Heirs' Property Preservation ní Charleston, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.