Ojú Irin Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí. Èkínní ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé ohun tó bí ẹni tó kọ ọ́ nínú ti bí èmi náà nínú rí, ní ọdún kẹta tí mo wọ iṣẹ́ fífi awọ bo irin, ìyẹn ìbora tín-ínrín tó ń dáàbò bo ojú irin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo kó irin dírílì HSS (irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ohun tó ń gé irin) mẹ́rìnlélógún lọ fún àwọn tó ń fi titanium nitride, awọ líle kan, bo irin. Nígbà tó padà dé, ó ń dán bíi wúrà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́kọ́ lò kò tíì lu ogún ihò tí awọ ẹnu rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ìdí rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbá a mú, ṣì ń dán. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé máíkírómítà 3 (ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan) ni awọ náà nípọn. Ṣé wọn ò ti rẹ́ mi jẹ báyìí? Mo fẹ́ ní kí wọ́n fi 10 bò ó.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè 10. Mo mọ bó ṣe ń dun ènìyàn, ṣùgbọ́n 3 yẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi máíkírómítà 70. Ẹ óò to irú awọ yín léra ní ọ̀nà mẹ́tàlélógún kó tó bá irun kan dọ́gba, síbẹ̀ láàárín 2 sí 4 ni titanium nitride ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lẹ́nu dírílì. Awò-awọ̀nàjíjìn James Webb tí wọ́n gbé lọ sójú òfuurufú ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ńkọ́? Wúrà tí wọ́n fi bo dígí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi nánómítà 100 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírómítà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá kó wúrà ojú dígí méjèèjìdínlógún jọ, kò tó gíráàmù 50. Bí awọ bá fẹ́lẹ́, ẹ̀tàn kọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí awọ yìí ṣe ń hù lórí irin ni àwọn áyọ́nù (átọ́ọ̀mù tó gbé iná mànàmáná) ń rọ́ lù ú, tí wọ́n ń fún un pọ̀. Ó wá dà bí ẹni tí èrò há mọ́ àárín: gbogbo ìgbà ló ń wá ọ̀nà àtitú jáde. Bó ṣe ń nípọn sí i ni agbára tó fi ń wá ọ̀nà yẹn ń pọ̀ sí i, etí tó mú ló sì ti ń rí ọ̀nà jù, nítorí ibẹ̀ ni ojú méjì ti pàdé. Bí wọ́n bá fi 10 bò ó, ó lè ṣí kí dírílì tó kan irin rárá. Bí kò bá tilẹ̀ ṣí, etí yóò ti kú.

Kí wá ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ní ẹnu ló ṣí, ìdí kò ṣí. Inú àpótí kan náà ni méjèèjì ti gba awọ, gáàsì kan náà, ooru kan náà. Lóòótọ́, ìdí kì í gé irin, ẹrù rẹ̀ kò wúwo, nítorí náà ìyẹn nìkan kò dá àwọn tó bò ó láre. Ṣùgbọ́n ohun kan kan ẹnu tí kò kan ìdí, òun ni òkúta ìpọ́nrin. Ẹ ò sọ fún mi bóyá ẹ pọ́n wọn kí ẹ tó kó wọn lọ. Ọkàn mi sọ fún mi pé ẹ pọ́n wọn.

Bí ẹ bá tẹ irin mọ́ òkúta jù, òkúta á jó ojú irin. Ẹ wá èyí tí ẹ ti pọ́n tí ẹ kò tíì kó lọ, ẹ wo ẹnu rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ṣe bíi búlúù, iná ti mú un. Irin abẹ́ ibẹ̀ ti rọ̀, awọ líle tó bá sì jókòó lé e dà bí dígí tí wọ́n tẹ́ lé orí tìmùtìmù. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi èékánná yẹ etí rẹ̀ wò. Bó bá ń kọ́ èékánná, òkúta ti fi eérún irin sílẹ̀ síbẹ̀. Awọ yóò bo eérún náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí eérún bá já lórí ihò àkọ́kọ́, ó ń gbé awọ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Bí kì í bá ṣe iná, tí kì í sì í ṣe eérún, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí tí ojú ń rí ni mò ń wí. Ní ọdún kẹta tí mo sọ yẹn, mo kó táàpù (irin tí a fi ń gé ojú ìdè sínú ihò) 140 jáde nínú àpótí, gbogbo wọn rẹwà. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí oníbàárà fi dá wọn padà. A tú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ palẹ̀. A pààrọ̀ ìgò náítírójìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá a. Ọjọ́ tí mo to ogún nínú wọn sórí tábìlì, tí mo fi awò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo rí i pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ṣí, ó sì fẹ̀ tó ìka méjì. Ìka ènìyàn ni! Ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń kó wọn kúrò nínú omi ìfọ̀ ti rin gbingbin, ó bọ́ ọ, ó fi ọwọ́ lásán kó wọn. Ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ ló wà láàárín irin àti awọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe nítorí táàpù, bí kò ṣe nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dá ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀rọ máa ń fi áyọ́nù gáàsì argon gbá ojú irin kí awọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ṣùgbọ́n ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìyẹn wà fún. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fọ gíríìsì.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ fọ irin náà, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ gbé e sókè, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n. Bí omi bá tẹ́ sára rẹ̀ láìpín, ó mọ́. Bó bá kó ara jọ ní wóróworó bí omi orí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ bá àwọn tó bò ó. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni ooru àpótí wọn. Nǹkan bíi 550°C ni wọ́n fi tún irin HSS ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un le, ọ̀nà PVD (èyí tó ń sọ irin di oru nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀) tó bá a mu kì í sì í sábà kọjá 500. Ọ̀nà CVD (èyí tó ń fi gáàsì gbígbóná hu awọ) ń sún mọ́ 1000: carbide, ohun èlò tó le ju HSS lọ, lè fara dà á, ṣùgbọ́n yóò sọ HSS yín di rírọ̀. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ Rockwell (tó ń wọn bí irin ṣe le tó) tẹ ojú irin kan tí wọ́n bò pa pọ̀ pẹ̀lú tiyín, kí wọ́n wo etí kòtò rẹ̀ lábẹ́ awò. Bó bá sán díẹ̀díẹ̀ yí ká, kò burú. Bí awọ bá ṣí ní abala yí kòtò náà ká, ẹ̀rí yín nìyẹn. Àwọn ará Jámánì ti kọ ìlànà fún un, VDI 3198, láti HF1 títí dé HF6. HF5 àti HF6 kò ṣeé gbà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní kí wọ́n fi iná mànàmáná bu síńkì bo bóòtù irin ìpele 12.9 fún mi, nítorí ìpẹtà. A dè wọ́n pinpin nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí mẹ́ta ti já sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣé ayédèrú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ dá iṣẹ́ yẹn dúró kí ẹ tó ka ìyókù. Gbogbo èyí tó bá wọn jáde nínú ìwẹ̀ kan náà, ẹ tú u, ẹ má lò ó mọ́, títí kan èyí tí kò tíì já.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó, líle rẹ̀ gan-an ló sì pa á. Nígbà tí wọ́n fi ásíìdì fọ̀ ọ́, àti nígbà tí síńkì ń gun ara rẹ̀, háídírójìn wọ inú irin. Irin tó rọ̀ kì í kà á sí, ṣùgbọ́n bóòtù 12.9 le púpọ̀. Bí ẹ bá ti dè é, háídírójìn á lọ kó jọ síbi tí fífà ti pọ̀ jù, á máa là á díẹ̀díẹ̀ láti inú, títí yóò fi já láìròtẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi já lójú yín. Ó yẹ kí wọ́n ti yan án nínú ààrò ní 190 sí 220°C, kí wákàtí mẹ́rin tó kọjá lẹ́yìn ìwẹ̀, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá wá yan án nísinsìnyí, kò lè dí èyí tó ti là.

Fún irú bóòtù yìí, èmi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi iná mànàmáná bò ó rárá. Ẹ béèrè fún ìbora eérún síńkì, èyí tí wọ́n ń rì í sí bí ọ̀dà tí wọ́n sì ń yan, kí wọ́n sì fi fífọ́n eérún líle sí i rọ́pò ásíìdì nígbà tí wọ́n bá ń nù ún.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Mo gbẹ́ ihò sára alumíníọ́ọ̀mù, ọ̀pá rẹ̀ wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Wọ́n ṣe anodising líle sí i, máíkírómítà 50, ọ̀pá kò wọ̀ mọ́. Ṣé ooru ló mú ihò náà sún ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi, inú ìwẹ̀ tó tutù bíi yìnyín ni wọ́n ti ń ṣe é. Anodising kì í ṣe awọ tí wọ́n mú láti ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ara alumíníọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló di ọ́ksáídì, ọ́ksáídì sì ń gba àyè ju irin tó ti jáde lọ. Nínú 50 yẹn, nǹkan bí 25 jẹ wọ inú, 25 yọ síta. Ihò ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra, 25 ní ọ̀tún, 25 ní òsì, ó ti fún ní 50 nìyẹn. Nígbà mìíràn, gbẹ́ ihò náà tóbi ní 50 ṣáájú, tàbí kí o ní kí wọ́n dí i kí ásíìdì má dé ibẹ̀. Ní ti èyí tó wà nílẹ̀, má ki irin tí a fi ń fẹ ihò bọ̀ ọ́, ọ́ksáídì yẹn yóò bà á jẹ́. Bí ọ̀pá náà kò bá ní ibòmíràn tó ń wọ̀, òun ni kí o dín kù.