Mo fẹ́ fúnra mi kan ọkọ̀ ojú omi onígi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ kan ọkọ̀ ojú omi onígi kékeré kan nílé, èmi àtàwọn ọmọkùnrin mi méjì tó ti dàgbà la fẹ́ máa fi pẹja lórí adágún. Mo ti rí àwòrán ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì kan tó wù mí, mítà 3 ni gígùn ẹ̀. Ṣé mo lè kàn fà á gùn sí i kó lè gba ẹni mẹ́ta? Irú pláìwúùdù wo ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù náà lè ṣe é? Àjẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀, tó bá yá a máa gbé ẹ́ńjìnnì kékeré sí i.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o. Tẹ́ ò bá tíì ra pákó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì rà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ nígbà àkọ́kọ́, àwòrán tó rẹwà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, wọ́n á ní imú ẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ báyìí báyìí, ìgbà tí ọkọ̀ bá wá dénú omi ni wọ́n tó ń bi ara wọn pé kílò mélòó ló máa gbé. Kílò yẹn ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo nǹkan tó máa wọ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, títí kan ọkọ̀ fúnra ẹ̀.

Ká ní ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan 75 kílò, ìyẹn ti jẹ́ 225. Ọkọ̀ oní-pláìwúùdù mílímítà 6, pẹ̀lú igi etí ẹ̀, ìjókòó àti gọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa fi lẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní 65. Ẹ́ńjìnnì kékeré àti epo ẹ̀ 35. Àwọ̀n, ìdákọ̀ró àtàwọn ẹrù pẹ́pẹ̀pẹ́ 20. Gbogbo ẹ̀ já sí kílò 345. Kí ọkọ̀ tó lè léfòó, ó gbọ́dọ̀ ti omi tó wúwo tó òun àti ẹrù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lítà omi kan sì ni kílò kan (omi òkun fi díẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ), torí náà apá ibi tó máa wọ inú omi lára ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ tó lítà 345. Tí ibi tí omi ti mu ún bá gùn ní mítà 3.5, tó fẹ̀ ní mítà 1.1, tó sì rì ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí nǹkan bíi lítà 577. Àmọ́ ti àpótí nìyẹn o. Imú ọkọ̀ ń tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ń gbéra sókè, nítorí náà fún ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, èmi máa ń mú ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni. Ìyẹn lítà 346. Ó wọlé.

Ẹ wá padà sórí àwòrán mítà 3 yẹn. Tó bá jẹ́ gígùn nìkan lẹ fà, tẹ́ ẹ kàn sún àwọn egungun ọkọ̀ jìnnà síra, ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tó lè gbé náà á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé 240 kílò tẹ́lẹ̀ á máa gbé 264. Kílò 24 lẹ jèrè, ẹni kẹta yín sì jẹ́ 75! Tẹ́ ẹ bá tún ní kẹ́ ẹ fẹ gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ míì pátápátá lẹ ń kàn yẹn, ìṣirò tí ẹni tó yà á ṣe kò bá a mu mọ́. Èmi ò ní fà á o. Ẹ wá àwòrán tí wọ́n dìídì yà fún ẹni mẹ́ta, nǹkan bíi mítà 3.8 síbi 4, tàbí kẹ́ ẹ ya tiyín kẹ́ ẹ sì dán an wò bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí.

Ẹ fi páálí tín-ín-rín ṣe ọkọ̀ yẹn ní kékeré, kí sẹ̀ǹtímítà 10 dúró fún mítà kan. Pláìwúùdù odindi kan sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 244 sí 122, torí náà ẹ gé páálí yín sí 24.4 sí 12.2 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa gé gbogbo ẹ̀, ẹ máa mọ iye pákó tẹ́ ẹ máa rà gan-an àti ibi tí oríkèé máa bọ́ sí. Ẹ tún máa rí ibi tí páálí ti ń kọ̀ láti tẹ̀. Bí páálí, bẹ́ẹ̀ náà ni pláìwúùdù, ọ̀nà kan ló máa ń gbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá ní kó tẹ̀ sọ́tùn-ún kó tún tẹ̀ sókè lójú kan náà, páálí á wún jọ, pákó á là. Ibi tó bá ti wún jọ yẹn, àwòrán lẹ máa tún yà, ẹ má fagídí ṣe é.

Tó bá ti dúró dáadáa, ẹ kun àbẹ́là yíká ẹ̀ kí omi má wọlé, ẹ gbé e sínú báàfù omi. Torí pé ìwọ̀n ẹ̀ ti kéré ní ìlọ́po mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta, gíráàmù kan ló dúró fún kílò kan. Ẹ wọn páálí náà, kẹ́ ẹ wá fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìṣó kún un títí gbogbo ẹ̀ á fi di gíráàmù 345, kẹ́ ẹ fi bíró sàmì sí ibi tí omi dé. Mílímítà 15 ló yẹ kó rì, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ yín kéré. Ẹ wá gbé gíráàmù 75 kan lọ sí etí ẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń fa àwọ̀n, ẹ wo bó ṣe máa tẹ̀. Etí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣì ga ju omi lọ dáadáa. Nínú ọkọ̀ gidi, kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ̀ tó tóbi tó èyí sì máa ń rì tó sẹ̀ǹtímítà kan tí nǹkan bíi kílò 29 bá kún un.

Ọ̀rọ̀ àjẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣèpinnu, torí méjèèjì ò fẹ́ ìsàlẹ̀ kan náà. Ọkọ̀ alájẹ̀ máa ń fẹ́ kí ìsàlẹ̀ gbéra sókè lẹ́yìn, kí pátákó ẹ̀yìn má baà máa wọ́ omi. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí irú ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ iná mọ́ ọn, ẹ̀yìn á rì, imú á gbé sókè, ẹ ò ní rí iwájú. Ti ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí ìsàlẹ̀ lọ tààrà láti àárín dé ẹ̀yìn. Tó bá dájú pé ẹ máa ra ẹ́ńjìnnì, ti ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ yà, àjẹ̀ á kàn le díẹ̀ sí i ni.

Ti pákó, ti kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ o. Èyí tí wọ́n lẹ BS 1088 mọ́ lára, ìyẹn àmì ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pláìwúùdù ọkọ̀ ojú omi, ló dájú jù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò ní tú nínú omi, kò sì yẹ kí ihò wà láàárín ẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá kàn fẹnu lásán sọ pé ti ọkọ̀ ni, ẹ gba èérún kan, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹ sá a, tó bá bó ní ìpele ìpele, ẹ dá a padà. Ẹ tún wo etí ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ, ihò dúdú láàárín ìpele ni omi máa gbà wọlé.

Fún ẹni tí kì í ṣe káfíńtà, ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kẹ́ ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí pákó, kẹ́ ẹ fi wáyà kọ́pà rán wọn pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi epoxy (gọ́ọ̀mù olómi méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ kó tó le) tẹ́ ẹ ti po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ dí igun inú, ẹ̀yìn ṣíbí lẹ máa fi fà á kó ṣe róbótó, kẹ́ ẹ sì lẹ téèpù fáíbà lé e. Lọ́dún 1962 ni Jack Holt àti Barry Bucknell ya ọkọ̀ kékeré Mirror tí wọ́n ń fi ọ̀nà yìí kàn, ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn án nínú gáréèjì wọn ni ò kan ọkọ̀ rí. Ẹ má po epoxy púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú kọ́ọ̀pù, ó máa ń gbóná tó fi ń yọ èéfín. Níbi tí pákó méjì ti pàdé ní gígùn, ẹ fá etí méjèèjì ní dàgẹ̀rẹ̀, kí ibi tẹ́ ẹ fá gùn tó ìlọ́po mẹ́jọ nínípọn pákó, ìyẹn mílímítà 48 fún pákó mílímítà 6, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ wọ́n.

Abẹ́ ìjókòó iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ dí i pa kí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ki fóòmù sí i. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dojú dé ni ẹ máa rí ìwúlò ẹ̀. Ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Kó tó di pé ẹ rẹ́ pátákó ẹ̀yìn, ẹ wọn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú máa ń fẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn 51, láti etí òkè pátákó dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ti páálí sínú omi, ẹ sọ mílímítà tó rì fún mi àti bí etí ẹ̀ ṣe ga tó, ká jọ wò ó kẹ́ ẹ tó lọ ra pákó.