Header tí ò ń wá kò sí lọ́wọ́ rẹ

Àbúrò, o ní ojú òpó rẹ tó wà ní localhost:3000 (orí kọ̀ǹpútà tìrẹ, 3000 ni port, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn rẹ̀) ń pe sáfà iléeṣẹ́ kan, pé Postman, irinṣẹ́ tí a fi ń dán sáfà wò, ń rí èsì gbà, ṣùgbọ́n Chrome ń kọ lẹ́tà pupa pé kò sí Access-Control-Allow-Origin. O wá ń béèrè header (ìlà àlàyé tó ń bá ìbéèrè tàbí èsì rìn) tí wàá fi sínú fetch, àṣẹ JavaScript tó ń pe sáfà, kó lè jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jìyà rẹ̀ ní Kubwa níbí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló gbéṣẹ́ fún mi. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ máa rí iye tó ti dá lórí fóònù rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó ní sáfà tá a lè bi léèrè, wọ́n sì fún wa ní key, ọ̀rọ̀ àṣírí tí sáfà fi ń dá wa mọ̀. Nínú Postman, owó yọ. Nínú bùráúsà, òfo. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Mo wọkọ̀ lọ bá wọn ní Wuse. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ṣí Postman tirẹ̀, ó tẹ Send, 200 (ó yọrí) jáde, ó ní kí n padà sílé lọ kọ́ JavaScript. Ojú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí dòní, torí òun gan-an ni kò mọ ohun tó ń sọ. Postman kì í ṣe bùráúsà, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un. Bùráúsà ló ní oníbodè. Bó bá ti jẹ́ pé http àti https ò bára mu, tàbí orúkọ sáfà, tàbí port, ó ti kà wọ́n sí àlejò síra wọn. localhost:3000 àti localhost:8000 pàápàá, àlejò ni wọ́n. Onílé ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba àlejò. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní CORS. Inú èsì tí sáfà wọn ń dá padà ni header yẹn ń gbé. Bí o bá lọ kọ ọ́ sínú fetch, ńṣe lo dá kún ìṣòro, torí bùráúsà á tún tìtorí rẹ̀ rán OPTIONS, ìbéèrè tó ń tọrọ àyè, ṣíwájú.

OPTIONS yìí ló jẹ mí níyà jù. Bí o bá ti fi Authorization (header tó ń gbé key) sí i, tàbí o fi JSON (dátà tí a tò) ránṣẹ́ pẹ̀lú POST, bùráúsà á kọ́kọ́ rán OPTIONS lọ bi sáfà bóyá ó gbà. Kì í gbé key rẹ dání. Sáfà tiwọn sì ń béèrè key lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, ó fi 401 (n kò mọ̀ ọ́) dá OPTIONS padà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. N kò rí i, torí Console, ibi tí bùráúsà ń kọ àṣìṣe sí, nìkan ni mò ń wò. Lóru ọjọ́ kan, iná ti lọ, bátìrì laptop ku 9%, mo ṣí Network, ibi tí bùráúsà ń to gbogbo ìbéèrè sí. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ti GET (ìbéèrè owó gan-an) kọ CORS error, ti OPTIONS kọ 401. GET tí mo ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí wá ò tíì jáde nílé rárá.

Mo fi curl, irinṣẹ́ tí a ń fi àṣẹ kíkọ pe sáfà, rán OPTIONS kan náà, mo kọ Origin (àdírẹ́sì ojú òpó mi) àti Access-Control-Request-Method sí i, mo tẹ èsì rẹ̀ sórí bébà, mo gbé e lọ sí Wuse lẹ́ẹ̀kẹta. Agùnbánirọ̀ kan níbẹ̀ ló kà á. Ó gbé ìlà tó ń dáhùn CORS ṣíwájú èyí tó ń yẹ key wò. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kò tán síbẹ̀ o. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣi nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀, tí sáfà dá 404 (kò sí i) padà, CORS tún dé. nginx wọn, sáfà tó wà níwájú kóòdù wọn, ló fà á: add_header, àṣẹ rẹ̀ tó ń fi header sí èsì, kì í bá 404 lọ àfi tí always bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi always sí i, kóòdù wọn náà ń fi header kan náà sí i, ó di "*, *" ("*" túmọ̀ sí pé sáfà gba ẹnikẹ́ni), bùráúsà tún kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́dọ̀ wà.

Má gbọ́ tàwọn tó ní kí o fi mode: 'no-cors' sínú fetch. Èsì á dé, o ò ní lè kà á, status á jẹ́ 0. --disable-web-security, tó ń lé oníbodè Chrome lọ, orí kọ̀ǹpútà tìrẹ ló mọ. Ìyá aláta ní Nyanya ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. JSONP, ọgbọ́n àtijọ́ tó ń gba èsì bíi kóòdù JavaScript, GET nìkan ló lè ṣe, kóòdù yòówù tí sáfà yẹn bá sì fi ránṣẹ́ ni ojú òpó rẹ á ṣe. Èyí tó burú jù ni àwọn proxy (alárinà) ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lò ó fún ọjọ́ méjì. Key ẹgbẹ́ gba ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí kọjá, àfìgbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún alága kí wọ́n tó bá wa gba òmíràn. Owó àwọn tó ń dá ẹgbẹ̀rún méjì méjì ló wà níbẹ̀. Má dán an wò.

Bí iléeṣẹ́ tìrẹ bá kọ̀ jálẹ̀, gbé alárinà tìrẹ kalẹ̀: sáfà kékeré tí o fi Express tàbí PHP kọ, lórí orúkọ àti port kan náà pẹ̀lú ojú òpó rẹ. Ojú òpó á bá a sọ̀rọ̀, òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò le, o mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni kí key máa gbé, kì í ṣe inú JavaScript tí gbogbo ayé lè ṣí kà. Àdírẹ́sì tiwọn nìkan ni kó mọ̀, má jẹ́ kó gba èyí tí ẹnikẹ́ni bá fún un. Proxy inú Vite, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ojú òpó, wà fún ìgbà tó o bá ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Tó o bá ti build tán, ìyẹn tó o ti dì í láti gbé síta, kò sí mọ́. Bí cookie (àmì ìdánimọ̀ tí bùráúsà ń gbé) bá wọ̀ ọ́, "*" ò ní ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ ojú òpó rẹ gan-an.

Ṣí Network báyìí, kí o wo nọ́ńbà tó wà níwájú OPTIONS. Bó bá jẹ́ 401, 403 tàbí 405, ọ̀dọ̀ wọn ló ti bà jẹ́. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kó o tó lọ bá wọn.