Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe níbi tí ọkọ̀ ti forí sọra?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọlọ́pàá ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Yaba. Kí n tó dé Fadeyi níbi tí danfó àti jíìpù ti forí sọra, èrò ti ń pariwo pé ká wọ́ wọn kúrò lójú ọ̀nà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé lóòótọ́ sì ni pé ipa táyà lè sọ eré tí ọkọ̀ ń sá?

Ìdáhùn: Ẹni tó fara pa ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú, àbúrò mi. Lẹ́yìn náà, má bá èrò jiyàn. Yọ ṣọ́ọ̀kì, fi sàmì síbi tí táyà kọ̀ọ̀kan wà, ya fọ́tò láti òkèèrè àti nítòsí, kí wọ́n máa wọ́ ọkọ̀ lọ.

Ohun tí kì í ṣí nípò ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n: òpó iná, tàbí ìdí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Mo ti rí àwòrán kan tí wọ́n wọ̀n láti ìsọ̀ alákàrà. Nígbà tí ẹjọ́ fi dé kóòtù, alákàrà ti kó lọ sí òdìkejì títì.

Ní ti eré, òótọ́ ni. Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì pa, tí táyà ha títì gbígbẹ fún mítà 20 kí ọkọ̀ tó dúró, eré rẹ̀ á tó nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Mítà 20 yẹn kan náà lórí títì tó tutù lè jẹ́ 45 péré. Torí náà, kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òjò rọ̀, bóyá yanrìn wà lórí ọ̀dà. Ẹ̀wọ̀n dẹ́rẹ́bà lè wà nínú ohun tó o gbàgbé yẹn. Má sì rò pé mítà 40 lórí títì gbígbẹ á jẹ́ 120. Bíi 84 ni.

Bó bá jẹ́ pé ara jíìpù ló dá danfó dúró, eré rẹ̀ ju ohun tí ipa táyà fi hàn lọ. "Kò dín ní" ni kó o kọ, má kọ "ó jẹ́". Ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì mú táyà dúró pátápátá) lè má fi ipa tó hàn sílẹ̀ rárá, kò túmọ̀ sí pé wọn ò tẹ bíréèkì.

Lálẹ́ ńkọ́, tí dẹ́rẹ́bà ń búra pé iná òun ń tàn? Má tan iná náà wò o! Okùn tín-ín-rín inú gílóòbù tó ti gbóná máa ń nà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Èyí tó tutù máa ń já ni. (Iná LED ò ní okùn yẹn.) Bó o bá tan án, o ti ba ẹ̀rí jẹ́. Tú u, fi òwú wé e, kó o kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sára ohun tó o fi dì í.