Ẹ Bi Wá: Fìlà Pẹlẹbẹ, Gavroche, àti Orí Tó Máa Dé Wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Faransé fi kaskẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ 57 sínú rẹ̀. Tí mo bá dé e fún wákàtí kan, àpá á ti wà níwájú orí mi. Ṣé kí n kúkú fi tọrẹ ni?
*Bàbá kan, Kétu*

Ẹ má tíì fi tọrẹ, Bàbá. Sẹ̀ǹtímítà ni 57 yẹn, àyíká orí ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ẹ ní kí ẹnìkan fi téèpù aránṣọ yí orí yín ká: kó gba àárín iwájú orí, kó fi nǹkan bí ìbú ìka kan ga ju etí lọ, kó sì gba ibi tó yọ jù lẹ́yìn ìpàkọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ 58, fìlà yẹn ṣì ṣeé gbà là. Bó bá ti di 59, ẹ fún àbúrò yín.

Láti fẹ̀ ẹ́, ẹ kọ inú rẹ̀ sí ooru kẹ́tùrù tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ dé e, kó gbẹ sórí yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń dùn yín. Bó bá jẹ́ iwájú nìkan, tí àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a jẹ́ pé orí yín gùn, fìlà náà sì rí róbótó: síwájú-sẹ́yìn ni kí ẹ fà á, ẹ má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Bí ọ̀já inú rẹ̀ kò bá nà, ooru kò lè ràn yín lọ́wọ́. Kí aránṣọ tú u lẹ́yìn ìpàkọ́, kó fi rọ́bà pẹlẹbẹ dí àlàfo náà.

Ẹni tí tiẹ̀ tóbi jù ló rọrùn fún: fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀já inú, níwájú àti lẹ́yìn.

Èwo ni pẹlẹbẹ, èwo ni gavroche, èwo ló sì yẹ ojú róbótó?
*Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́*

Òkè pẹlẹbẹ kò ní oríkèé, ó sùn síwájú, wọ́n sì rán an tàbí kí wọ́n fi bọ́tìnì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbòjú, ìyẹn etí líle iwájú tó ń ṣíji bo ojú. Gavroche jẹ́ ègé mẹ́jọ bí ẹ̀là ọsàn, bọ́tìnì sì bo ibi tí wọ́n ti pàdé lókè. Ojú róbótó, gavroche, torí ó ga díẹ̀. Ojú gígùn, pẹlẹbẹ. Ẹni tí orí rẹ̀ kéré, kó ṣọ́ra fún gavroche tó kún jù, kó má lọ dà bí ẹni tó ru igbá.

Ilẹ̀ òtútù ni fìlà yìí ti wá. Lọ́dún 1571, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọkùnrin tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ máa dé fìlà irun àgùntàn lọ́jọ́ Ìsinmi, àfi àwọn ọlọ́lá. Ọdún 1597 ni wọ́n tó fagi lé e. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀ lọ́rùn wa. Òwú tàbí líínì ni kí ẹ rà, kí ẹ fi irun àgùntàn de ọyẹ́.

Aránṣọ ni mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wàndó. Mo fi aṣọ òkè rán gavroche fún orí 58. Kò wọ̀ ọ́, òkè rẹ̀ sì yọ ṣónṣó. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ibi méjì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan kún 58, kí aṣọ inú lè ráyè: 59. Ẹ pín in sí mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ ègé kọ̀ọ̀kan á jẹ́ nǹkan bí 7.4. Ibi tó fẹ̀ jù lágbedeméjì, 10. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 18. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà kan kún etí rẹ̀ yíká fún ojú rírán. Bí abẹ́rẹ́ yín bá fi mìlímítà kan péré wọlé jù, etí 16 ló wà lára ègé mẹ́jọ: sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ ti bá a lọ, 59 ti di 57 àti díẹ̀. Ibẹ̀ ni 58 ti há sí.

Ti ṣónṣó, igun òkè ègé ni. Dígírì 45 gan-an ni kó jẹ́, torí mẹ́jọ rẹ̀ ló pé 360. Bó bá kéré sí i, òkè á dìde bí ìdérí ìkòkò. Bó bá tóbi jù, á máa ká kò. Ẹ ká igun bébà kan sí méjì dọ́gba, 45 nìyẹn, ẹ fi wọn páálí tí ẹ fi ń gé aṣọ.

Aṣọ òkè tún ní wàhálà tirẹ̀. Ègé yín fẹ̀ tó 12 pẹ̀lú ojú rírán, bẹ́ẹ̀ ọ̀já aṣọ òkè míì kò ju 10 lọ. Ẹ so ọ̀já méjì pọ̀ kí ẹ tó gé, kí ojú rírán wọn bọ́ sí àárín ègé. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ líle mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òwú á máa tú. Bí ẹ bá ń rán an, méjì-méjì, kó di mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ wá fi ìlà kan ṣoṣo so ìdajì méjèèjì pọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, ṣónṣó wọn kì í pàdé.

Wọ́n bá mi fi omi gbígbóná fọ fìlà mi, ó sún kì, ìbòjú rẹ̀ sì kán.
*Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́*

Bó bá jẹ́ irun àgùntàn, èyí tó sún kì ti lọ nìyẹn. Irun rẹ̀ ti wé mọ́ra, kò ní tú mọ́. Ìbòjú ṣeé tún ṣe. Páálí ló wà nínú rẹ̀, omi sì ti rà á. Ẹ tú abẹ́ rẹ̀, ẹ fi páálí tó kán ya ìwọ̀n, kí ẹ gé tuntun lára ẹ̀gbẹ́ bàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà: ike náà ti tẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fún un, ẹ dé e mọ́ ẹ̀yìn igbá tó tó orí yín, kó gbẹ lábẹ́ ibòòji.

Ṣé mo lè gẹ pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi gọ̀bì?
*Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ṣábẹ̀ẹ́*

Díẹ̀ ni o. Gọ̀bì ga, ó ní ohun tó máa wó. Pẹlẹbẹ kò ní. Ẹ jẹ́ kí ìbòjú fi ìka méjì ga ju irun ojú lọ, kí ẹ yí i ní ìbú ìka kan sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ lórí alùpùpù á gbà á lọ́wọ́ yín.