Owó dín nínú àpótí ìtajà: ta ni ó yẹ kí ó san án?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá wọn ta aṣọ ní ilé ìtajà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni ó ni ín. Àlájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwa mẹ́ta ni à ń tajà, àpótí owó kan ṣoṣo ni a sì jọ ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, owó tí a kà ní alẹ́ ọjọ́ kan dín ní 72,000 náírà. Àlájà pín in sí mẹ́ta, wọ́n sì yọ 24,000 nínú owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan. 60,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi. N kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀, mo sì ń fura sí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní kí n dákẹ́, kí ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì má baà bàjẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dúró sí kí ẹ tó la ẹnu. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, bí ó ṣe wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó oṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ní ti àdánù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó fà á, kí aláṣẹ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó yọ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Òfin kò sọ pé kí a pín àṣìṣe ẹnì kan kárí gbogbo ilé. Abala yìí kan náà sọ pé àpapọ̀ ohun tí a bá yọ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta 60,000 jẹ́ 20,000, nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ̀bi, tí ìwé àṣẹ sì wà, 24,000 ti kọjá ààlà. (Ní ti owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó di 70,000 náírà ní 2024, kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, n kò sì ní fi ìyẹn kún ẹjọ́ yín.)

Ṣùgbọ́n àpótí owó yín gan-an ni ó jẹ mí lógún jù. Ṣé Àlájà fúnra wọn kì í mú owó níbẹ̀, bóyá láti ra epo ẹ̀rọ amúnáwá tàbí láti fún àlejò? Nígbà tí àwọn régbérégbé bá ń rọ́ wá ra aṣọ ẹgbẹ́, tí àwọn kan ń gbé àwìn, tí owó tí oníbàárà fi fóònù ránṣẹ́ kò sì tètè wọ báǹkì, tí ẹni tí ó ń gé aṣọ tún ni ó ń ka ṣéńjì, owó lè dín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan ni ó jẹ̀bi nígbà tí ọwọ́ mẹ́rin ń wọ àpótí kan tí kò ní ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dárúkọ ẹni tí ẹ ń fura sí, àyàfi bí ẹ bá fi ojú ara yín rí i. Bí orúkọ olè bá ti lẹ̀ mọ́ ènìyàn nínú ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa, ó ṣòro láti bọ́ ọ kúrò.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìyá yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń di ìbínú sínú, ọ̀rẹ́ náà yóò bàjẹ́ síbẹ̀. Ẹ lọ bá Àlájà lẹ́yìn tí a bá ti ti ìlẹ̀kùn, kì í ṣe lójú oníbàárà, kí ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ sì sọ pé: “Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ìwé báǹkì ọjọ́ náà àti orúkọ àwọn tí ó gbé àwìn wò.” Bí owó náà bá fara hàn, Àlájà fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ dá tiyín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ dábàá pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀ àti ìwé rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà, kí ẹni méjì máa ka owó ní alẹ́ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí Àlájà pẹ̀lú máa kọ ohun tí wọ́n bá mú sílẹ̀. Ẹ tún béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Abala 7 sọ pé ó yẹ kí ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa kí a máa rò pé ẹni tí ó jẹ́ ojúlùmọ̀ kò nílò ìwé, bẹ́ẹ̀ àwọn ojúlùmọ̀ gan-an ni mo máa ń fẹ́ kí ó ní in jù.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tí ó sọ pé ẹ jẹ gbèsè. Ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ ara yín gba owó náà padà nínú àpótí, nítorí ìyẹn ni yóò sọ yín di ẹni tí a lè fi ẹ̀sùn olè kàn. Bí ó bá wá di dandan kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, abala 11 béèrè pé kí ẹni tí ó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé márùn-ún sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì ka owó àpótí lójú ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ.