Bàbá mi yọ mí kúrò nínú WhatsApp ẹbí torí ìbò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí. Sùúrùlérè ni mo ń gbé. Bàbá mi ti wà nínú ẹgbẹ́ onígbàálẹ̀, APC, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ AC. Lọ́dún 2023, Labour ni mo dìbò fún, àbúrò mi sì lọ tú àṣírí. Bàbá yọ mí kúrò nínú WhatsApp ẹbí, wọ́n ní mo ti ta ilé Yorùbá. A ti ń kí ara wa padà, ṣùgbọ́n nítorí ìbò 2027, gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń bi mí ẹni tí màá dìbò fún. Ṣé kí n kúkú purọ́ ni?
Ọmọ Onígbàálẹ̀, Èkó

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má purọ́. Àmọ́ ta ló ní dandan ni kó o dáhùn? Kọ̀rọ̀ la ti ń tẹ̀ka, bàbá rẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. (Àbúrò rẹ yẹn, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́jú jù.)

Ti ilé Yorùbá tó o tà: Ọ̀ṣun ńkọ́? PDP ni wọ́n dìbò ààrẹ fún lọ́dún náà, 354,366 sí 343,945 ti APC. Ṣé Ọ̀ṣun náà ta ilé ni?

Àkúrẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi. Lọ́dún 1983, UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, paraku ni bàbá mi, àbúrò wọn tó ń gbé yàrá iwájú sì jẹ́ NPN, ẹgbẹ́ Ṣàgàrí. Ilé àti àgbàdo ni àmì NPN, ni bàbá mi bá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ àgbàdo nínú ilé àwọn. Nínú oṣù kẹjọ o! Ẹ̀yìn balùwẹ̀ la ti ń jẹ ẹ́, a ó sì sin ṣùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọbóríowó, ọmọ NPN, ti gba ipò gómìnà Oǹdó lọ́wọ́ Ajásin, ọmọ UPN, ìgboro gbiná. Àwọn kan gbé pẹtiróòlù dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi dúró níwájú wọn, wọ́n búra pé kò sí ọmọ NPN kankan nínú ilé yìí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi sì ni àbúrò wọn wà. (Mo ní kó o má purọ́, mo mọ̀. Tọjọ́ yẹn yàtọ̀.) Kóòtù padà dá ipò Ajásin padà fún un, àmọ́ àgbàdo ò wọlé wa títí ọdún fi parí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, sọ fún wọn pé, "Dádì, màá dìbò. Ẹni tí màá dì í fún, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run." Má ṣe gbé fóònù jáde láti fi nǹkan kan hàn wọ́n. Bó bá ku ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kó o wá sọ pé ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ní o tà yẹn dùn ọ́. Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ti WhatsApp, má bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fi ẹ́ padà tí wọ́n bá fẹ́ dá owó aṣọ ẹbí.